Asofẹ́yẹjẹ: Gbòǹgbò Tí Ó Ṣí Ilẹ̀kùn Ọpọlọ

Ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú wa ni ti ewé àti egbò: bí ohun tí ó hù nínú igbó ṣe ń di oògùn tí dókítà ń kọ sínú ìwé fún aláìsàn, àti ohun tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń ṣe nínú ara gan-an kí ara tó yá. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò bí òkun. Bí a bá ní kí a máa ka igi kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ yóò ṣú mọ́ wa. Nítorí náà, igi kan ṣoṣo ni n ó fà yọ, n ó sì tẹ̀lé e láti inú igbó títí dé inú ọpọlọ ènìyàn. Igi náà ni asofẹ́yẹjẹ.

Mo yàn án nítorí pé nínú gbogbo igi oògùn ilẹ̀ wa tí mo mọ̀, òun ni ó fi hàn jù lọ pé ọ̀tọ̀ ni kí a mọ̀ pé oògùn kan ń ṣiṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni kí a mọ ibi tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn baba wa mọ ti àkọ́kọ́ dájú. Ìgbà tí a tó mọ ìkejì ni ó tó yé wa ìdí tí gbòǹgbò kan náà fi lè mú wèrè rọ̀, kí ó mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, kí ó sì tún lè ba inú ẹlòmíràn jẹ́ débi pé ayé á sú u.

Igi náà kò ṣàjèjì sí wa. Bí ẹ bá gba ọ̀nà oko láti Ìfọ̀, tàbí tí ẹ rìn lẹ́yìn Mówè àti Ìbafò níbi tí ilé kò tíì gba gbogbo ilẹ̀, ẹ lè bá a pàdé nínú oko àtijọ́ tí a fi sílẹ̀ kí ó sinmi. Ní Ajùwọ̀n, níbi tí ilé ti gba oko dé etí ààlà Èkó, ọ̀dọ̀ àwọn eléwé-ọmọ ni ènìyàn yóò ti wá a, ní gbígbẹ, tí wọ́n ti gé e ní ègé-ègé. Kì í ga púpọ̀. Ewé rẹ̀ a máa yọ ní mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin yí ẹ̀ka ká. Bí a bá ṣẹ́ ẹ, oje funfun a máa sun jáde. Èso rẹ̀ kéékèèké a sì pọ́n, a pupa fòò. Ẹyẹ fẹ́ràn èso náà, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá: ó so, ó so fún ẹyẹ jẹ. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè é ni Rauvolfia vomitoria. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ fún ọlá Leonhard Rauwolf, dókítà ará Jámánì kan tí ó gbé ayé ní nǹkan bí 400 ọdún ó lé sẹ́yìn. Adam Afzelius, ará Sweden tí ó ṣiṣẹ́ ní Sierra Leone ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, ni ó fún un ní èyí ìkejì, èébì ni ìtumọ̀ rẹ̀ sì dá lé. Ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ yìí ti kìlọ̀ fún wa.

Àwọn oníṣègùn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ wèrè ní ilẹ̀ Yorùbá kì í pe gbogbo wèrè ní oríṣìí kan. Wọ́n ya wèrè ìdílé, tí ó ń bá ìran rìn, sọ́tọ̀ kúrò lára wèrè amútọ̀runwá. Wọ́n sì mọ wèrè aláṣọ, ẹni tí ó ṣì ń wọ aṣọ rẹ̀, tí ó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí orí rẹ̀ kò pé mọ́. Fún èyí tí ń pariwo, tí ń ba nǹkan jẹ́, tí kì í sùn lóru, gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gbé. Wọn a rẹ ẹ́ sínú omi tàbí kí wọ́n sè é, wọn a sì fún aláìsàn mu. Aláìsàn a bì, lẹ́yìn náà a sùn, oorun náà a sì wọra. Bí a bá ń fún un lọ́jọ́ dé ọjọ́, ara rẹ̀ a rọ̀, ohùn rẹ̀ a wálẹ̀. Raymond Prince, dókítà àrùn ọpọlọ ará Kánádà kan tí ó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta ní ìparí àwọn ọdún 1950, wádìí ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn wa, ó sì tẹ ohun tí ó rí jáde ní 1960 nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kò pè é ní idán, kò sì pè é ní ìgbàgbọ́ lásán. Ó jẹ́ kí ó yé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé egbò tí àwọn oníṣègùn Yorùbá ń lò jẹ́ ìbátan èyí tí àwọn ilé-ìwòsàn ìlú òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi oògùn inú rẹ̀ ṣe ìtọ́jú.

Abẹ́òkúta tí mo dárúkọ yìí kì í ṣe ibi lásán nínú ìtàn náà. Níbẹ̀ ni Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ bíbí ìlú náà, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Aró ní 1954, tí ó sì ṣètò kí àwọn aláìsàn máa gbé ní àwọn abúlé tí ó yí ilé-ìwòsàn ká, ẹbí wọn lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú lójoojúmọ́. Ó fa àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra nínú ètò náà ní àkókò tí ọ̀pọ̀ dókítà kò lè bá wọn jókòó. Ṣùgbọ́n n kò ní torí pé mo ń yin gbòǹgbò kí n bo àbùkù mọ́lẹ̀: ní ilé àwọn oníṣègùn kan, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán ni ó ń bá egbò rìn, kò sì sí ìmọ̀ kankan tí ó gbe ìyẹn lẹ́yìn.

Ní òkè òkun, ìbátan igi yìí ti ń rin ìrìn tirẹ̀. Ní Íńdíà, Rauvolfia serpentina ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn ibẹ̀ fún wèrè, fún àìsùn àti fún oró ejò. Ní 1931, àwọn ọmọ Íńdíà méjì, Sen àti Bose, kọ̀wé pé ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó sì ń mú orí tí ó dàrú rọ̀. Ayé òyìnbó kò kọbi ara sí i. Ìgbà tí Rustom Vakil ti ìlú Bombay gbé ti ẹ̀jẹ̀ ríru jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ọkàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1949 ni wọ́n tó jí gìrì. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1952, àwọn onímọ̀ kẹ́místrì ilé-iṣẹ́ Ciba ní ìlú Basel, ní Switzerland, yọ èròjà kan jáde láti inú gbòǹgbò náà, wọ́n sì sọ ọ́ ní reserpine.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní kẹ́místrì yóò fẹ́ mọ bí ó ti rí. Mólékù reserpine kọ̀ọ̀kan ní átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù 33, háídrójìn 40, náítrójìn 2 àti ọ́síjìn 9, tí a so pọ̀ ní òrùka-òrùka. Kò rọrùn láti fi ọwọ́ ènìyàn tò ó; R. B. Woodward ti yunifásítì Harvard ni ó ṣe é yọrí ní 1956, iṣẹ́ náà sì wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ ṣì fi ń yìn ín. Síbẹ̀, ó rọrùn fún àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn láti máa yọ ọ́ láti inú igi ju kí wọ́n máa tò ó lọ. Nígbà tí wọ́n sì yẹ asofẹ́yẹjẹ tiwa wò, wọ́n rí i pé reserpine inú gbòǹgbò rẹ̀ pọ̀ ju ti Íńdíà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni gbòǹgbò láti ilẹ̀ Áfíríkà ṣe di ọjà tí ó ń wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ìwọ̀n rẹ̀ ni kí ẹ wá wò. Ohun tí dókítà ń fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru lójúmọ́ kì í sábà ju ìdá kan nínú mẹ́rin mílígíráàmù lọ, bí hóró iyọ̀ mélòó kan. Báwo ni ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ ṣe lè gbé àgbàlagbà ṣánlẹ̀? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn bá mi lọ díẹ̀díẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan kì í sábà fara kan èkejì. Àlàfo tín-tín ni ó wà láàrin wọn. Bí ọ̀kan bá fẹ́ ránṣẹ́ sí èkejì, èròjà ni ó ń tú sínú àlàfo náà, bí ẹni tí ń pa àrokò ránṣẹ́. Mẹ́ta nínú àwọn èròjà aránṣẹ́ wọ̀nyí ni ó kàn wá: dopamine, noradrenaline àti serotonin. Kí ó tó di pé a tú wọn jáde, inú àpò kéékèèké ni sẹ́ẹ̀lì ń kó wọn pamọ́ sí ní etí àlàfo, bí ìyá ọlọ́jà ti ń kó èlùbọ́ sínú àpò kí ọjọ́ ọjà tó pé. Ṣùgbọ́n èròjà kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ inú àpò. Aláàárù ni ó ń gbé e wọlé. Aláàárù yìí jẹ́ prótéènì kan tí a gbìn mọ́ ara àpò náà. Ó ń gba èròjà aránṣẹ́ mú ní ìta, ó ń yí ara rẹ̀ padà, ó sì ń tú u sí inú. VMAT ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Ọwọ́ aláàárù yìí gan-an, níbi tí ó yẹ kí ẹrù wà, ni reserpine ń lọ jókòó sí. Ó dì í mú pinpin, kì í sì í tètè tú u sílẹ̀. Àpò kò rí ẹrù gbà mọ́. Èyí tí ó kù sí ìta kò sì ní ààbò, nítorí pé ẹ́ńsáìmù kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa fọ́ irú èròjà bẹ́ẹ̀ sí wẹ́wẹ́ lọ. Monoamine oxidase ni orúkọ rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, àpò ń ṣófo. Ìdí nìyí tí ìwọ̀n kékeré fi tó: reserpine kò bá gbogbo ẹrù inú ọjà jà, aláàárù nìkan ni ó mú.

Láti ibẹ̀ ni a ti lè to iṣẹ́ gbòǹgbò náà lẹ́sẹẹsẹ. Noradrenaline ni ó ń sọ fún àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ pé kí wọ́n fún ara wọn pọ̀. Nígbà tí kò sí nínú àpò mọ́, òpó a tú, ẹ̀jẹ̀ ríru a wálẹ̀. Dopamine ní ọwọ́ nínú ariwo àti ìran àìrí tí ń da wèrè láàmú. Nígbà tí ó dínkù, aláìsàn a rọ̀. Ohun tí Nathan Kline rí nìyí ní ilé-ìwòsàn tí ó ti gbìyànjú oògùn náà ní ìpínlẹ̀ New York, tí ó sì kéde ní 1954. Ohun tí oníṣègùn wa ti ń rí tipẹ́ náà nìyí.

Ìtàn tí ó wù mí jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ehoro. Ní 1957, Arvid Carlsson, ará Sweden, fún àwọn ehoro ní reserpine. Wọ́n dákẹ́, etí wọn wó lulẹ̀, wọn kò lè gbé ẹsẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ rò nígbà náà ni pé serotonin ni ó tán nínú wọn, tàbí noradrenaline. Wọn kò ka dopamine sí, wọ́n ní ohun tí ara fi ń ṣe noradrenaline lásán ni. Carlsson wá fún àwọn ehoro náà ní L-DOPA, èyí tí ara ń sọ di dopamine. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dìde, tí wọ́n ń fò káàkiri. Nígbà tí ó wo inú ọpọlọ wọn, dopamine ni ó ti padà síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni aráyé ṣe mọ̀ pé dopamine jẹ́ aránṣẹ́ láyè ara rẹ̀, àti pé òun ni ó ń darí bí a ti ń gbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ní 1960, àwọn olùwádìí ní ìlú Vienna yẹ ọpọlọ àwọn tí àrùn Parkinson pa wò, àrùn tí ó ń mú ọwọ́ àgbàlagbà gbọ̀n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wúwo, wọ́n sì rí i pé dopamine ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní apá ibi tí ó yẹ kí ó pọ̀ sí. L-DOPA di oògùn àrùn náà, a sì ń lò ó títí di òní. Carlsson gba ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn ní 2000.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. L-DOPA tí ó jí ehoro yìí wà nínú èso igi kan tí gbogbo wa mọ̀ tí a sì ń sá fún: wèrèpè. Àwọn onímọ̀ Íńdíà ti yọ ọ́ láti inú kóró rẹ̀ ní 1937. Irun ara èèpo rẹ̀ ni ó ń yún ènìyàn. Kóró inú rẹ̀ ni ó gbé èròjà yìí pamọ́. Ohun tí asofẹ́yẹjẹ tú, wèrèpè lè dì í padà. N kò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè lọ máa sè é jẹ o. Ìwọ̀n L-DOPA tí ó pọ̀ jù ń dá àìsàn tirẹ̀ sílẹ̀.

Mo ti sọ lẹ́ẹ̀kan pé gbòǹgbò kan náà lè ba inú ènìyàn jẹ́. Ọ̀nà kan náà ni oore àti ewu rẹ̀ ń gbà wọlé. Reserpine kò mọ àpò tí a fẹ́ kí ó sọ di òfo yàtọ̀ sí èyí tí a kò fẹ́. Ti dopamine, ti noradrenaline àti ti serotonin, bákan náà ni. Nítorí náà ni imú aláìsàn fi ń dí, tí inú fi ń run ún, tí ara fi lè le gan-an bíi ti ẹni tí ó ní àrùn Parkinson. Láàrin àwọn ọdún 1950, àwọn dókítà kọ̀wé pé díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n fún ní reserpine nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìnídìí, oúnjẹ kò wù wọ́n, ayé sú wọn. Láti ara ìròyìn wọ̀nyí ni èrò ti bẹ̀rẹ̀ pé àìtó àwọn èròjà aránṣẹ́ ni ó ń fa ìbànújẹ́ tí í di àìsàn. Àwọn tí ó tún ìròyìn wọ̀nyẹn yẹ̀ wò ní àkókò tiwa ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń rí bẹ́ẹ̀ fún, àti pé ìwọ̀n tí wọ́n ń fún àwọn aláìsàn ìgbà náà pọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí chlorpromazine dé, tí kò tú àpò bí kò ṣe pé ó dí etí sẹ́ẹ̀lì tí ń gba iṣẹ́, àwọn dókítà ọpọlọ yára fi reserpine sílẹ̀.

Ewu mìíràn wà tí ó jẹ mọ́ àgbo ju hóró oògùn lọ. Reserpine nìkan kọ́ ni ó wà nínú gbòǹgbò náà. Ajmaline wà níbẹ̀, èyí tí ó ń dí ọ̀nà tí sódíọ̀mù ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì ọkàn. Àwọn dókítà ọkàn ń lò ó ní ìwọ̀n tí wọ́n ṣọ́ lójú méjèèjì, nítorí pé ó lè da bí ọkàn ti ń lù rú. Èròjà mìíràn tún wà pẹ̀lú wọn. Ife àgbo kan kó gbogbo wọn pọ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ojú mọ iye ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí pé gbòǹgbò igi tí ó ti dàgbà kò rí bíi ti ọ̀dọ́ igi, ti ilẹ̀ kan kò sì rí bíi ti òmíràn.

Ẹni tí a jọ jókòó sórí ètò yìí lè bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ohun tí ẹ ń wí ni pé àwọn oníṣègùn wa kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe?" Rárá o, àbúrò. Wọ́n ní òṣùwọ̀n tiwọn: wọ́n ń wo bí aláìsàn ti ń bì, bí ó ti ń sùn, bí ó ti ń dáhùn bí a bá pè é. Òṣùwọ̀n náà dára títí dé ibi tí ojú lè dé. Ṣùgbọ́n ojú kò lè rí inú àpò. Oníṣègùn rí i pé aláìsàn jí ní ọjọ́ kejì, ó sì rò pé agbára oògùn ti lọ. Kò sí bí ó ti ṣe lè mọ̀ pé àpò ṣì ṣófo, pé ó di ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ṣe aláàárù tuntun kí ẹrù tó tún wọlé, àti pé èyí lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́, àní ọ̀sẹ̀. Bí ó bá tún fún un mu, orí òfo ni ó ń fi kún.

Àwọn onímọ̀ kò fi aláàárù náà sílẹ̀ nítorí pé reserpine ti di ohun àtijọ́. Wọ́n wá èròjà tí yóò dì í mú díẹ̀ tí yóò sì tètè tú u sílẹ̀. Tetrabenazine jẹ́ ọ̀kan. Ní 2017, ìjọba Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí méjì mìíràn, deutetrabenazine àti valbenazine, fún àwọn tí ẹnu àti ọwọ́ wọn ń ṣe ségesège láìjẹ́ pé wọ́n fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó yà mí lẹ́nu nínú èyí: púpọ̀ nínú àwọn tí ń lo oògùn wọ̀nyí jẹ́ ẹni tí oògùn wèrè tí wọ́n ti lò fún ọdún púpọ̀ ni ó dá ségesège náà sílẹ̀ lára wọn. Ní 2023, àwọn olùwádìí fi maikirosíkóòpù tí ó lágbára jù lọ ya àwòrán aláàárù ti inú ọpọlọ ènìyàn, pẹ̀lú reserpine nínú rẹ̀, ní ibi tí ẹrù í wà.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ àpò òfo yìí fi kan ilé olúkúlùkù ni pé ọ̀pọ̀ ẹbí ní agbègbè wa ń gba ọ̀nà méjèèjì. Wọn a kọ́kọ́ mú ọmọ wọn lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Bí kò bá gbọ́, wọn a gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn, ìtìjú kò sì ní jẹ́ kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Dókítà bá aláìsàn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù, tí ara rẹ̀ le, tí kò lè sọ̀rọ̀. Ó rò pé àìsàn ni, ó sì fi oògùn tirẹ̀ lé e. Ẹni tí ó mu àgbo náà kẹ́yìn ní ọjọ́ Ajé ṣì lè wà lábẹ́ agbára rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, bí a bá sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ẹni tí yóò fún un ní oògùn oorun gbọ́dọ̀ mọ̀. Egbò tí ó mu, ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó mu ún kẹ́yìn ni kí àwọn ẹbí kọ́kọ́ sọ kí dókítà tó bèèrè. Bí ègé gbòǹgbò náà bá sì ṣẹ́ kù nílé, kí wọ́n mú un dání lọ.